Omi Rú Nínú Táńkì Ẹja Tuntun: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Pa Ẹja

Ní ọjọ́ kẹta tàbí ìkẹrin tí ẹ bá gbé táńkì ẹja tuntun kalẹ̀, omi inú rẹ̀ sábà máa ń funfun bí omi tí wọ́n fi fọ ìrẹsì. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe nígbà náà ni pé wọ́n á da gbogbo omi nù, wọ́n á fi ọṣẹ fọ òkúta àti fílítà, wọ́n á sì rọ omi mìíràn sí i. Kò ní pẹ́ tí yóò tún rú. Àṣìṣe yìí ló ń bí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn yòókù.

Ẹ kọ́kọ́ wo irú rírú tó jẹ́. Bó bá jẹ́ pé bí ẹ ṣe da omi sí i báyìí ló ti rú, eruku òkúta ni. Ẹ kò fọ̀ ọ́ tó. Bó bá ní àwọ̀ ewé, ìmọ́lẹ̀ ló pọ̀ jù: ẹ gbé táńkì kúrò lẹ́bàá fèrèsé, kí iná rẹ̀ má sì ju wákàtí 6 sí 8 lọ lójúmọ́. Èyí tó funfun, bakitéríà ni. Wọ́n ń jẹ ohun tó ti yòrò sínú omi, wọ́n sì ń pọ̀ sí i láàárín wákàtí díẹ̀. Bí oúnjẹ wọn bá tán, omi á tòrò fúnra rẹ̀, bó pẹ́ tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹ fi í sílẹ̀.

Àmọ́ kì í ṣe àwọn bakitéríà yẹn là ń wá, àwọn tó ń sọ májèlé inú omi di ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ là ń wá. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù ló ń di amóníà, tó ń jó ibi tí ẹja fi ń mí. Oríṣi bakitéríà kan ló ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà jẹ́ májèlé. Òmíràn tó ń jẹ́ Nitrospira ló ń sọ nitrite di nitrate, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Ara fóòmù fílítà àti òkúta ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́, wọn kì í sì í tètè pọ̀: ọ̀sẹ̀ 4 sí 6 ló sábà máa ń gbà wọ́n. Ìdí nìyẹn tí omi fi lè mọ́ gaara tí ẹja sì ń kú nínú rẹ̀.

Ẹ má fi ẹja dán an wò: amóníà olómi ni kí ẹ fi bọ́ àwọn bakitéríà yìí kí ẹja tó wọlé. Nínú táńkì tó gba lítà 100, mílílítà 2 amóníà olómi tí agbára rẹ̀ jẹ́ 10% yóò fún yín ní nǹkan bíi mílígíráàmù 2 nínú lítà kan. Ẹ má jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò gbọ́dọ̀ ní lọ́fínńdà tàbí ọṣẹ nínú. Ẹ mi ìgò rẹ̀ jìgìjìgì: bó bá hó, tí híhó náà kò sì tètè rọlẹ̀, ẹ dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ máa fi ohun èlò ìdánwò olómi wo omi lọ́jọ́ méjì méjì. Nígbà tí amóníà bá di 0, ẹ tún ìwọ̀n kan náà dà sí i. Nitrite yóò gòkè, yóò sì pẹ́ lókè kó tó já wálẹ̀. Ibẹ̀ ni sùúrù ti ń tán lára èèyàn. Ọjọ́ tí ẹ bá da mílílítà 2 sí i, tí amóníà àti nitrite sì di 0 láàárín wákàtí 24, táńkì ti ṣetán. Ẹ pààrọ̀ ìdajì omi rẹ̀ kí nitrate tó ti kó jọ lè dín kù, kí ẹ wá ra ẹja kéékèèké 3 tàbí 4. Ó di ọ̀sẹ̀ kan sí méjì kí ẹ tó fi òmíràn kún un.

Ẹ má da alọ́ọ̀mù sí i o. Lóòótọ́, bí a ṣe ń mú omi dúrọ́ọ̀mù tòrò nílé nìyẹn, á sì mú ti táńkì náà tòrò. Ṣùgbọ́n ìdọ̀tí tó rọ̀ sísàlẹ̀ kò kúrò níbẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa jẹrà. Alọ́ọ̀mù tún ń fa pH wálẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn: bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ ni omi ń kan sí i. Bí pH bá ti dín ní 6.5, iṣẹ́ bakitéríà á falẹ̀. Tó bá ń lọ sí 6, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró pátápátá. Omi bóòhóòlù ọ̀pọ̀ àdúgbò Èkó ti kan díẹ̀ kí alọ́ọ̀mù tó dé ibẹ̀, nítorí náà ẹ wọn pH rẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ìkarahun ìgbín tí a sè, tí a sì fọ́ wẹ́wẹ́, ẹ̀kúnwọ́ kan nínú àpò aláwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà, máa ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Ti omi ẹ̀rọ ìjọba yàtọ̀: kulorínì inú rẹ̀ ń pa bakitéríà, ẹ lo oògùn tó ń pa kulorínì kí ẹ tó dà á sí i.

Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ní tirẹ̀. Bí iná bá lọ fún wákàtí púpọ̀, atẹ́gùn inú fílítà onídèérí á tán, bakitéríà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú, omi tó há síbẹ̀ á sì máa rùn. Bí NEPA bá dé, ẹ má tàn án lójú ẹsẹ̀: ẹ kọ́kọ́ da omi inú rẹ̀ nù, kí ẹ fi omi táńkì ṣan fóòmù rẹ̀ nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ní tiwa, fílítà onífóòmù tó ń lo páǹpù afẹ́fẹ́ tí a lè ṣáájì ló dára jù fún ilé tí iná kò dúró. Ẹ má sì máa ju fóòmù nù lóṣooṣù bí páálí rẹ̀ ṣe wí. Ọjà ni wọ́n fẹ́ tà. Títí yóò fi já ni ẹ lè lò ó.

Bí ẹja bá ti wà níbẹ̀, ẹ máa wọn omi lójoojúmọ́. Bí amóníà tàbí nitrite bá ju mílígíráàmù 0.5 nínú lítà kan lọ, ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi tàbí ìdajì, kí ẹ sì fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ méjì méjì péré, ìwọ̀n tí wọ́n lè jẹ tán láàárín ìṣẹ́jú 2. Bó bá jẹ́ nitrite ló ga, iyọ̀ gíráàmù 1 fún lítà omi kan kì í jẹ́ kó ráyè wọ ẹ̀jẹ̀ wọn. Bí ẹ bá sì rí wọn lójú omi tí wọ́n ń lanu wá afẹ́fẹ́, ẹ má dúró wọn ohunkóhun: ẹ pààrọ̀ ìdajì omi ná, ẹ tan páǹpù afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wá ohun èlò ìdánwò lọ.