Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀ Bí Ẹgbẹ́ Rẹ Bá Ń Fìdí Rẹmi: Ọ̀rọ̀ White Sox ti Chicago

Ní sáà 2024, ẹgbẹ́ béèsìbọ́ọ̀lù White Sox ti Chicago gbá eré 162, wọ́n sì pàdánù 121. Láti ọdún 1901, kò sí ẹgbẹ́ líìgì ńlá kankan tó pàdánù tó bẹ́ẹ̀ rí. Láàrin Oṣù Keje sí Oṣù Kẹjọ nìkan, ẹ̀ẹ̀mọ́kànlélógún léraléra ni wọ́n fìdí rẹmi. Irú ẹgbẹ́ báyìí máa ń da ojú olólùfẹ́ rú: a ó máa bú ẹni tó dára, a ó sì máa gbé ẹni tí kò tíì ṣe nǹkan kan gẹ̀gẹ̀.

Èyí tó burú jù ni kí a máa fi ìborí àti ìpàdánù díwọ̀n ajubọ́ọ̀lù. Òun ni wọ́n ń kọ èsì eré sí lọ́rùn, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ń gbá a. Bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò bá rí ayò gbà, ó lè ju bọ́ọ̀lù bí idán kó ṣì pàdánù. Ní 2024, ayò 507 péré ni White Sox gbà ní gbogbo sáà. Àwọn alátakò gba 813 lọ́wọ́ wọn. Garrett Crochet wà nínú ẹgbẹ́ yẹn, ìborí 6, ìpàdánù 12. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ á ní kí wọ́n lé e lọ. Àmọ́ wo ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀: nínú inning 146 (inning ni ìpín eré, mẹ́sàn-án ló sì wà nínú eré kan), ó fi strikeout, ìyẹn kí ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù kùnà lẹ́ẹ̀mẹta, lé èèyàn 209 padà, ìyẹn bí 13 nínú inning mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án. ERA rẹ̀, ìyẹn ayò tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú inning mẹ́sàn-án, láìka èyí tí àṣìṣe ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fà, jẹ́ 3.58. Ní Oṣù Kejìlá wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Red Sox ti Boston. Ní 2025 ó borí 18, ó pàdánù 5. Lóòótọ́ ó tún dára sí i, torí ERA rẹ̀ bọ́ sí 2.59, ṣùgbọ́n ìyẹn nìkan kò lè sọ 6 di 18. Àwọn tó ń gba ayò fún un ló yí padà.

Nítorí náà, kí o tó bú ajubọ́ọ̀lù, nǹkan mẹ́ta ni kí o kọ́kọ́ wò: iye strikeout rẹ̀, iye èèyàn tó fún ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́, àti iye home run, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá kọjá odi pápá, tí wọ́n gbá lórí rẹ̀. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò fi bẹ́ẹ̀ nílò ọwọ́ ẹlẹgbẹ́ kankan. Bí ó bá ń rí strikeout mẹ́sàn-án tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú inning mẹ́sàn-án, tí àwọn tó ń fún ní béèsì lọ́fẹ̀ẹ́ kò sì pé mẹ́ta, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé òfo ni.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ń tọ́ bọ̀ ní líìgì kékeré tún lẹ́gẹ́ jù ìyẹn lọ. A máa ń wo batting average lásán, ìyẹn ìwọ̀n ìgbà tí ẹni náà fi bọ́ọ̀lù tó gbá dé béèsì, a ò ní béèrè ọjọ́ orí ọmọ náà tàbí ìpele tó wà. Ẹni ọdún 22 ni Colson Montgomery, ọ̀dọ́ White Sox, nígbà tó gbá .214 ní Charlotte ní 2024, ní Triple-A tó jẹ́ ìpele tó kẹ́yìn kí èèyàn tó wọ líìgì ńlá. Àmọ́ home run 18 wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni .329 ni ìwọ̀n ìgbà tó ń dé béèsì. Àlàfo tó wà láàrin .214 àti .329 yẹn ló yẹ kó mú ojú èèyàn: ọmọ náà mọ bọ́ọ̀lù tí kò yẹ kó nawọ́ sí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ó tún wá burú sí i, ó wálẹ̀ dé .149, wọ́n sì rán an lọ sí Arizona kí Ryan Fuller, ọ̀gá àwọn olùkọ́ bọ́ọ̀lù gbígbá, tún ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ní ọjọ́ kẹrin Oṣù Keje ó wọ líìgì ńlá, home run 21 ló sì gbá nínú eré 71. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dé e ládé o. .239 ni batting average rẹ̀ ní sáà náà, strikeout rẹ̀ ṣì pọ̀.

Ìkánjú ni òdìkejì rẹ̀. Ipò kẹta ni White Sox ti mú Andrew Vaughn nínú draft 2019, ìyẹn ètò tí àwọn ẹgbẹ́ fi ń yan àwọn ọ̀dọ́ tuntun ní ìpele-ìpele. Kò tíì gbá eré gidi kankan kọjá High-A, ìpele méjì sísàlẹ̀ Triple-A, tí wọ́n fi gbé e wọ líìgì ńlá ní 2021, wọ́n tún fi í sí left field, apá òsì ẹ̀yìn pápá, ibi tí kì í ṣe ilé rẹ̀. Nígbà tó di 2025, .189 ló ń gbá, àwọn èèyàn sì ń hó lé e lórí. Wọ́n fi í ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú Brewers ti Milwaukee ní Oṣù Kẹfà, ó sì gbá .308 níbẹ̀. Ẹni tó ń bú ọmọ yẹn, ẹgbẹ́ tó sáré gbé e sókè ló yẹ kó bú.

Àwọn kan tún wà tí wọ́n máa ń gbàdúrà kí ẹgbẹ́ pàdánù, kí wọ́n lè rí ipò kìíní nínú draft. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Láti draft 2023 ni kèké ti ń pín ipò mẹ́fà àkọ́kọ́, ìdá 16.5 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àǹfààní ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ẹgbẹ́ mẹ́ta tó burú jù láti rí ipò kìíní. Òfin tún wà pé ẹgbẹ́ tó ń dá owó sí àpò àjùmọ̀pín kò lè wọ kèké náà ní ọdún méjì léraléra. Torí òfin yìí, ipò kẹwàá ni ìpàdánù 121 mú White Sox dé ní 2025, níbi tí wọ́n ti mú Billy Carlson. Ìpàdánù 102 ti 2025 ló wá fún wọn ní ipò kìíní fún 2026. Ta ló lè ṣírò ìyẹn?

Bí wọ́n bá ṣe pàṣípààrọ̀, má fi orúkọ tó wà lórí àkọsílẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọ̀dọ́ tó dára jù ṣèdájọ́ lọ́jọ́ kejì. Ní Oṣù Kẹfà 2016, White Sox gba James Shields lọ́wọ́ Padres ti San Diego. Ọmọ ọdún 17 kan tí kò tíì gbá eré kan ṣoṣo gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ wà lára ohun tí wọ́n fi san án. Fernando Tatis Jr. ni orúkọ rẹ̀, ẹni tó wá di ìràwọ̀ fún Padres. Shields borí 4, ó pàdánù 12 fún Chicago ní sáà náà, ERA 6.77. Bákan náà, nígbà tí wọ́n fi Crochet gba èèyàn mẹ́rin, ọ̀kan nínú wọn, Braden Montgomery (kì í ṣe Colson), kò tíì gbá eré kankan gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́, torí kókósẹ̀ rẹ̀ kán nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì.

Draft mìíràn tí wọ́n ń pè ní Rule 5, níbi tí ẹgbẹ́ ti lè mú eléré ẹgbẹ́ mìíràn, náà kò yẹ kí a máa fojú fò. Oṣù Kejìlá ló máa ń wáyé. Ẹgbẹ́ á san $100,000, á mú eléré tí ẹgbẹ́ mìíràn kò fi sí àkọsílẹ̀ àwọn eléré ogójì tó dáàbò bò, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ wà lára àwọn 26 tó ń gbá eré fún ẹgbẹ́ ní líìgì ńlá ní gbogbo sáà tó tẹ̀lé e, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ wọ́n á fi lọ ẹgbẹ́ tó ni ín. Ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ ife-ẹ̀yẹ kò ní àyè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ́ tó ń fìdí rẹmi ní. Báyìí ni White Sox ṣe mú Shane Smith lọ́wọ́ Brewers ní 2024, ajubọ́ọ̀lù tí ẹnikẹ́ni kò mú nínú draft, ó sì di All-Star, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn eléré tí wọ́n yàn pé ó dára jù, ní 2025.