Bí mo ṣe gba owó káàdì mi padà, tí mo tún bá wọn dá sí òfin fóònù

Ẹni tó bá ní kí n sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí, owó tiẹ̀ kọ́ ni wọ́n kó. Télọ̀ ni mí n'Ìbàdàn. Láìnì tí àwọn oníbàárà fi ń pè mí kì í wà láìsí káàdì lórí ẹ̀, torí ẹni tó bá pè tí mi ò lè pè padà, ọ̀dọ̀ télọ̀ míì ló ń gbà lọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi ₦500 sí i lálẹ́, ilẹ̀ á mọ́, á ti dín. Mo bá jókòó lọ́jọ́ kan, mo ń ka àwọn tẹ́ẹ̀sì tí mi ò kì í ṣí. Ìròyìn bọ́ọ̀lù England! Wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, wọ́n ń yọ ₦50 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n tún so orin mọ́ láìnì mi, tí ẹni tó bá pè mí á máa gbọ́, ìyẹn náà lówó tiẹ̀ lọ́tọ̀. Èmi tí mi ò mọ Arsenal yàtọ̀ sí Chelsea. Nígbà tí mo ṣírò gbogbo èyí tí mo lè rí nínú fóònù, ó lé ní ₦4,000.

Àsìkò tó bọ́ sí ló bí mi nínú jù. Lọ́jọ́ 20 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni NCC, àjọ tó ń darí ọ̀rọ̀ fóònù ní Nàìjíríà, kéde pé àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù lè fowó kún owó, àmọ́ kò gbọdọ̀ ju 50% lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ ti béèrè ohun tó ju 100% lọ. Wọ́n ní láti ọdún 2013 lowó ti wà lójú kan, bẹ́ẹ̀ sì rèé gbogbo nǹkan tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ ti gbówó lérí. Mo gbọ́. Òwú náà ti wọ́n, aṣọ ìtẹ́nú ti wọ́n, èmi náà fowó kún owó iṣẹ́ mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló gbé aṣọ wá bá mi kí n tó rán an. Mi ò wọ ilé ẹnikẹ́ni lóru lọ rán bùbá tí kò béèrè, kí n wá yọ owó ẹ̀ nínú àpò ẹ̀.

Dídá ìyọwó yẹn dúró kò le. 305 ni nọ́ńbà dídá irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dúró, ọ̀kan náà ni lórí gbogbo nẹ́tíwọ́ọ̀kì láti ọdún 2023. Ti àwọn ìpolówó ni kí o kọ STOP ránṣẹ́ sí 2442. Mo ṣe méjèèjì kí n tó mu omi.

Gbígba owó padà ni ìjà.

Bí ìlànà ṣe lọ nìyí: o kò lè dédé gba ọ̀dọ̀ NCC lọ. Ilé-iṣẹ́ tó ni láìnì ni wàá kọ́kọ́ fẹjọ́ sùn, wọ́n á fún ọ ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Bí wọn ò bá yanjú ẹ̀, ìgbà náà ni wàá wá pe 622, nọ́ńbà NCC fúnra wọn, ọ̀fẹ́ ni, wàá sì ka nọ́ńbà yẹn fún wọn. Ìlànà yẹn mọ́gbọ́n dání. Àfi pé ilé-iṣẹ́ tèmi, tí mi ò ní dárúkọ, ò fẹ́ kí nọ́ńbà yẹn tẹ̀ mí lọ́wọ́.

Mo pe 300, nọ́ńbà tí oníbàárà fi ń pe ilé-iṣẹ́ fóònù. Ẹ̀rọ ní kí n tẹ eléyìí, kí n tẹ ìyẹn, wọ́n wá fi orin sí i fún mi. Ọmọkùnrin kan gbé e, ó kí mi dáadáa, ó ní, “Mummy, mo ti yọ yín kúrò níbẹ̀. Ṣé nǹkan míì wà?” Mo ní owó mi ńkọ́? Ó ní kọ̀ǹpútà àwọn fi hàn pé èmi fúnra mi ni mo tẹ̀ ẹ́ pé mo fẹ́. Mo ní ó dáa, fún mi ní nọ́ńbà ẹ̀sùn. Ó ní, “Ẹ̀sùn wo, mà? A ti yanjú ẹ̀.” Ẹ gbọ́ ọgbọ́n! Bí wọ́n bá ti dá iṣẹ́ yẹn dúró, ẹ̀sùn ti parí nìyẹn. Ẹ̀sùn tó bá ti parí kò ní nọ́ńbà. Ẹni tí kò bá sì ní nọ́ńbà, kò fẹjọ́ sùn rí. Mo pè é títí, ẹnu wọn ò yàtọ̀. Ẹlòmíì á sọ pé nọ́ńbà ń bọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì, ẹlòmíì á ní kí n dúró díẹ̀, láìnì á já.

Mo bá gbé ẹsẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì wọn. Mo pa ṣọ́ọ̀bù tì, pẹ̀lú aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n ń retí. Síkíọ́rítì fún mi ní tálì, mo jókòó sábẹ́ AC títí ó fi kàn mí. Ọmọbìnrin tó dá mi lóhùn níwà, mi ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà, ó ní nọ́ńbà á wọlé sórí fóònù mi. Kò wọlé. Mo padà lọ. Ó wo fóònù mi, ó ní, “Mà, àbí ẹ ti fi STOP sí 2442? Ó lè jẹ́ ìyẹn ló ń dí tẹ́ẹ̀sì náà lọ́nà.” Mo wò ó. Mo ṣí fóònù, mo fi àlátì báńkì tó wọlé láàárọ̀ yẹn hàn án. Ìyẹn rọ́nà gbà? Ìpolówó ni 2442 ń dá dúró, kì í dá ohun tí mo fúnra mi béèrè dúró. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á bá mi pe àwọn ọ̀gá. Ọmọ náà ò lẹ́bi. Ó jọ pé wọ́n ti sọ fún wọn pé kí nọ́ńbà náà má jáde.

Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó ń lọ sí Poly ló ní kí n jẹ́ ká kọ ọ́. Ó wá ímeèlì wọn, a kọ ọjọ́ tí wọ́n yọ owó, iye tí wọ́n yọ, orúkọ iṣẹ́ tí wọ́n pè é, a ya fọ́tò tẹ́ẹ̀sì náà mọ́ ọn. A ò tíì gbé fóònù sílẹ̀ tí èsì fi dé: ẹ̀rọ ló fèsì, pé wọ́n ti rí lẹ́tà wa, nọ́ńbà ẹ̀sùn wa nìyí. Gàgàrà, lókè níbẹ̀. Ohun tí èèyàn ẹlẹ́ran ara fi ń ṣeré pẹ̀lú mi láti ọjọ́ yìí wá, ẹ̀rọ fún mi láìjanpata. Inú mi dùn, inú sì bí mi débi pé mi ò lè gé aṣọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Wọ́n ò tún ṣe nǹkan kan lórí lẹ́tà náà, ìyẹn kò yà mí lẹ́nu. Mo pe 622, mo ka nọ́ńbà, ó parí. Kò pẹ́ ni ilé-iṣẹ́ fúnra wọn pè mí, ohùn dùn bí oyin. Wọ́n dá owó padà sórí láìnì, àmọ́ kò pé ₦4,000 yẹn. Wọ́n ní ohun tí ìwé àwọn fi hàn nìyẹn.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n dúró sí. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń wá ìlànà NCC kiri, a kan ìkéde kan pé wọ́n fẹ́ tún ìlànà kan ṣe, kí ará ìlú wá sọ tẹnu wọn, wọ́n fi ọjọ́ 21 sílẹ̀. Mi ò mọ̀ rí pé ó wà. Òfin Ìbánisọ̀rọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2003 ló sọ bẹ́ẹ̀: kí NCC tó ṣe ìlànà tuntun, ó gbọ́dọ̀ gbé e síta kí aráyé dá sí i. Òfin yẹn kan náà, abala 108, ló ní ilé-iṣẹ́ kò lè fi owó lé ìpè láìjẹ́ pé àjọ náà fọwọ́ sí i.

Ọdún 2003 yẹn, àwọn tó ti lo fóònù nígbà náà á rántí. Wọ́n ní kí gbogbo èèyàn pa fóònù lọ́jọ́ 19 oṣù Kẹsàn-án, torí owó ìpè ti pọ̀ jù, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì dáa. Ìṣẹ́jú kan gbáko ni wọ́n ń ka ìpè nígbà náà, bí o tiẹ̀ sọ “mo ń bọ̀” lásán. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ pa Nokia tiẹ̀, ó tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ. Ọdún yẹn náà ni Globacom wọlé, tó ń ka ìpè ní ìṣẹ́jú-àáyá, àwọn tó kù wá tẹ̀lé e. Lójú tèmi, ìdíje yẹn ló ṣiṣẹ́ jù, kì í ṣe fóònù pípa. Síbẹ̀, fóònù pípa ni ohùn tí àwa mẹ̀kúnnù ní nígbà náà. Ìwé kíkọ yìí wà nínú òfin, ṣùgbọ́n ta ló ń gbọ́ ìkéde ẹ̀ lọ́jà Gbági?

Mo kọ ojú ìwé kan. Ohun méjì péré ni mo béèrè: kí ilé-iṣẹ́ má yọ owó iṣẹ́ kankan láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ oníláìnì ní èdè tó yàn, kí ẹni tó bá gbé ìpè má sì gbé fóònù sílẹ̀ láì ka nọ́ńbà ẹ̀sùn sétí ẹni tó pè. Lọ́jọ́ ìjókòó tí NCC pè láti gbọ́ tẹnu aráyé, orí fóònù ni mo ti bá wọn dé ibẹ̀, dátà mi ni mo fi jà fún owó káàdì mi. Àwọn lọ́yà ilé-iṣẹ́ ń pe abala òfin bí ẹni ń ka oríkì. Nígbà tó kàn mí, mo sọ tèmi, Gẹ̀ẹ́sì dí, Yorùbá la á. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n dúpẹ́, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. NCC máa ń tẹ ìjábọ̀ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ jáde, ohun tí oníkálukú sọ àti èsì àjọ náà. Mo ka àwọn ti àtijọ́: ilé-iṣẹ́, ilé-iṣẹ́, lọ́yà. Mi ò rí télọ̀ níbẹ̀.

Bó o bá fẹ́ ṣe é, má fi ẹnu ṣe ohun tí o lè kọ. Tẹ́ẹ̀sì tó ń bí ọ nínú, má pa á rẹ́, òun ni ẹlẹ́rìí. Bí o bá sì ń dá sí ìlànà, dárúkọ ìlà tí o ń bá jà. Ìbínú gbogbogbòò kì í rí ibi dúró sí nínú ìjábọ̀ wọn.

Mo ka ojú ìwé mi fún wọn nípàdé ẹgbẹ́ télọ̀. Ìyá Alága ní kí n tú u sí Yorùbá, kí gbogbo wa lè fọwọ́ sí i nígbà míì. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Owó tí a ó fi tẹ̀ ẹ́ ni wọn ò tíì dá.