Másítà ìlera àti ààbò lẹ́nu iṣẹ́ n'Ílùú Ọba: ohun tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó

Nílé, bí èèyàn bá ní "HSE ni mò ń ṣe", ó ti yé gbogbo ayé: òun ló ń rí sí i pé ẹnikẹ́ni kò fara pa níbi iṣẹ́. Ẹ má gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìlú Ọba bẹ́ẹ̀. Níbí, HSE ni orúkọ àjọ ìjọba tó ń yẹ ilé iṣẹ́ wò, tó sì lè gbé ọ̀gá iṣẹ́ lọ sílé ẹjọ́. 1 oṣù Kìn-ín-ní 1975 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ní ká sọ ẹni tá a jẹ́ ní kíláàsì, mo fi gbogbo ẹnu sọ pé ọdún mẹ́fà ni mo ti lò nínú HSE. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń ṣiṣẹ́ ìkọ́lé kọjú sí mi, ó ní, "Ilé iṣẹ́ mélòó lo ti tì pa?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, "health and safety" ni mò ń pe iṣẹ́ mi, bí wọ́n ṣe ń pè é níbí.

Ti orúkọ kékeré ni. Ohun tó máa ń dààmú àwa tá a ti kọ́ iṣẹ́ yìí níbòmíràn ni bí òfin wọn ṣe ń ronú. Ẹni tó bá rò pé òun ń bọ̀ wá há òfin sórí, ọ̀nà rẹ̀ á jìn. Kó tó di 1974, òfin ààbò iṣẹ́ n'Ílùú Ọba pọ̀ bí eṣú: ti fákítìrì lọ́tọ̀, ti ibi ìwakùsà lọ́tọ̀, ti ọ́fíìsì lọ́tọ̀. Ìgbìmọ̀ tí Lord Robens ṣe alága rẹ̀ gbé àbọ̀ jáde ní 1972 pé òfin ti pọ̀ jù, pé ẹni tó dá ewu sílẹ̀ ló yẹ kó wá bí ewu náà kò ṣe ní pa ẹlòmíì lára. Ibẹ̀ ni Health and Safety at Work Act 1974 ti jáde. Ó ní kí agbanisíṣẹ́ dáàbò bo òṣìṣẹ́ rẹ̀ "so far as is reasonably practicable", ìyẹn dé ibi tó bá ṣeé ṣe lọ́nà tó bọ́gbọ́n mu. Ẹ kọ gbólóhùn yẹn mọ́ ara ògiri, torí ẹ ó máa pàdé rẹ̀ títí ẹ ó fi gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹjọ́ kan tí wọ́n dá ní 1949, Edwards v National Coal Board, ló là á yé wa. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kan lábẹ́ ilẹ̀ kùsà, tí wọn ò fi nǹkan gbé ró, ya lu òṣìṣẹ́ kan, ó sì kú. Ilé ẹjọ́ ní ká gbé ewu sí apá kan òṣùwọ̀n, ká kó owó, àkókò àti wàhálà tí dídènà rẹ̀ máa gbà sí apá kejì. Bí apá kejì kò bá wúwo ju ti ewu lọ fíìfíì, ọ̀gá iṣẹ́ ò ní àwíjàre kankan.

Ohun tó fà á nìyẹn tí olùkọ́ kì í fi í béèrè pé kí lòfin wí, kó sì dákẹ́. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n fún mi, risk assessment, ìyẹn àyẹ̀wò ewu, ibi ìgbẹ́nà kan ni. Mo to ìbọ̀wọ́, bàtà, akoto àti ìbomú sílẹ̀ dáadáa, bí mo ṣe máa ń tò ó láti ọdún pípẹ́. Nígbà tí ìwé padà dé, máàkì 48 ni mo gbà, wọ́n sì fi bíírò kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo ti kọ ìbomú pé, "Kí ló dé tí eruku yìí fi ní láti dé imú ẹnikẹ́ni rárá?" Mo bínú títí di ọjọ́ kejì. Àmọ́ òótọ́ lọ́rọ̀ náà. Ohun tí wọ́n ń wọ̀ ló máa ń gbẹ̀yìn. Ká kọ́kọ́ wò ó bóyá a lè mú ewu kúrò pátápátá, tàbí ká fi ohun tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ṣeé ṣe, ká fi ẹ̀rọ fa eruku náà látibi tó ti ń jáde, ká tún ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣiṣẹ́ ṣe, kó tó wá kan ìbomú. Ẹ̀rọ tó ń fa eruku yẹn pàápàá, òfin COSHH ti 2002, tó wà fún àwọn nǹkan tó lè ba ìlera jẹ́ níbi iṣẹ́, ní ẹni tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, kó má kọjá oṣù 14 síra wọn. Mi ò kọ ìyẹn sínú ìwé mi. Mi ò mọ̀ ọ́n nígbà náà.

Ó wá kan ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í béèrè kí wọ́n tó sanwó: kí ni másítà yìí máa sọ yín dà? Kì í ṣe bíi ti nọ́ọ̀sì tàbí dókítà, tí kò lè ṣiṣẹ́ bí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé ìjọba. Òfin Management of Health and Safety at Work Regulations 1999 kàn ní kí agbanisíṣẹ́ yan "competent person", ẹni tó kún ojú òṣùwọ̀n ní ìmọ̀ àti ìrírí. Ìwé ẹ̀rí nìkan kò tó láti sọ èèyàn di ẹni yẹn. Èyí tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń wò jù ni IOSH, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìlera àti ààbò, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1945, tó sì gba Royal Charter ní 2002. Lẹ́tà CMIOSH (Chartered Member of IOSH) lẹ́yìn orúkọ èèyàn ló ń ṣílẹ̀kùn níbí, ìmọ̀ ìwé àti iṣẹ́ tẹ́ ẹ ti ṣe ni wọ́n sì jọ ń wò kí wọ́n tó fúnni. Nítorí náà, ìbéèrè kìíní tẹ́ ẹ máa bi yunifásítì ni bóyá IOSH fọwọ́ sí kọ́ọ̀sì náà, kì í ṣe yunifásítì náà lápapọ̀. Kí wọ́n dáhùn lórí ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn, kẹ́ ẹ lọ sí ìkànnì IOSH fúnra yín láti wá a níbẹ̀, torí ìwé ìpolówó lè ti pẹ́.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní ìwé ẹ̀rí ààbò iṣẹ́ ti àjọ NEBOSH, ẹ fara balẹ̀. International General Certificate dára fún ìpìlẹ̀, másítà sì lè gbé yín gòkè kúrò níbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ Diploma NEBOSH lẹ ní, tẹ́ ẹ sì ti ní àṣẹ láti máa ṣiṣẹ́ níbí, tèmi ni pé kẹ́ ẹ ronú lẹ́ẹ̀mejì. Owó ńlá ni wọ́n máa gbà lọ́wọ́ yín fún ohun tí ìdajì rẹ̀ ti wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tó fẹ́ ṣe ìwádìí, tàbí tó fẹ́ yí sí ìmọ̀ atẹ́gùn àti kẹ́míkà ibi iṣẹ́, ìyẹn occupational hygiene, tirẹ̀ yàtọ̀.

Kíréédìtì 180 ni másítà: 120 fún kíláàsì, 60 fún iṣẹ́ ìwádìí ìparí. Ẹni tó bá dúró ní 120 máa gba Postgraduate Diploma, ẹni tó dúró ní 60 á gba Certificate. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì, 50 ni wọ́n fi ń yege, 60 ni merit, 70 ni distinction. Ẹ má sunkún lórí 62 o! Níbí, máàkì gidi ni.

Lórí físà, owó ilé ìwé àti owó oúnjẹ àti ilé gbọ́dọ̀ wà nínú báńkì fún ọjọ́ 28 láìfò, láìdín ní kọ́bọ̀. Ẹnìkan tí mo mọ̀ yọ díẹ̀ lọ́jọ́ 26 láti fi san owó àyẹ̀wò ikọ́ ẹ̀gbẹ ti físà kan náà, wọ́n sì dá ìwé rẹ̀ padà. Owó ìtọ́jú ìlera NHS tí akẹ́kọ̀ọ́ ń san mọ́ físà jẹ́ £776 lọ́dún, ṣùgbọ́n físà kọ́ọ̀sì oṣù 12 máa ń kọjá ọdún kan nítorí oṣù tí wọ́n ń fi kún un, kí ẹ yáa múra sílẹ̀ fún £1,164. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ kó ìyàwó tàbí ọkọ àti ọmọ wá, láti 1 oṣù Kìn-ín-ní 2024 ni wọ́n ti dá a dúró fún àwọn tó ń ṣe másítà kíláàsì. Dìgírì ìwádìí àti kọ́ọ̀sì tí ìjọba fi ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ san ló kù.

Wákàtí 20 ni wọ́n gbà yín láyè láti fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀, láti Mọ́ńdè sí Sọ́ńdè. Pàkúté tó máa ń mú àwọn ọmọ másítà ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Àwọn ọ̀rẹ́ yín tó ń ṣe dìgírì kìíní á ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ gbogbo ọ̀sẹ̀, torí ìsinmi ni fún wọn. Fún ẹ̀yin, iṣẹ́ ìwádìí ìparí ṣì ń lọ, kò sì sí ìsinmi ńbẹ̀, wákàtí 20 náà ni. Físà akẹ́kọ̀ọ́ kò sì fàyè gba iṣẹ́ ara ẹni. Bí ẹnìkan bá ní kẹ́ ẹ wá ṣe risk assessment fún ṣọ́ọ̀bù òun, kí òun sì fún yín lówó lọ́wọ́ bíi kọnsọ́ltáǹtì, ẹ dúpẹ́, kẹ́ ẹ kọ̀ ọ́.

Ibi tẹ́ ẹ bá rí iṣẹ́ sí náà lè di ilé ìwé kejì yín. Ilé ìtọ́jú àwọn àgbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lálẹ́. Ẹ̀rọ hoist wà níbẹ̀, èyí tí a fi ń gbé àgbàlagbà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì sórí àga. Lálẹ́ ọjọ́ kan, bí mo ṣe ń so aṣọ ìgbéni mọ́ ọn, ojú mi lọ sí sítíkà kékeré tó wà lára irin rẹ̀. Ọjọ́ tó yẹ kí wọ́n tún un yẹ̀ wò ti kọjá lóṣù méjì. Òfin LOLER ti 1998 ní ẹ̀rọ tó bá ń gbé èèyàn, oṣù mẹ́fà mẹ́fà ni àyẹ̀wò rẹ̀, tàbí bí ètò àyẹ̀wò tí onímọ̀ ṣe bá ṣe là á sílẹ̀. Mo sọ fún ẹni tó ṣe aṣáájú wa lálẹ́ yẹn. "Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa," ló sọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ń ṣiṣẹ́. Okùn tó ti fẹ́ já náà ń ṣiṣẹ́ títí tó fi máa já. A lo hoist tó wà ní àjà kejì fún màmá náà, mo kọ ọ́ sínú ìwé tá a fi ń fa iṣẹ́ lé ara wa lọ́wọ́, mo sì fi ímeèlì ṣọwọ́ sí ọ̀gá wa láàárọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni wọ́n pe ẹni tó wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí n sọ ìgbà kan tí mo yí ọkàn ọ̀gá padà lórí ọ̀rọ̀ ààbò, níbi tí wọ́n ti ń fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò fún iṣẹ́. Mi ò mẹ́nu kan dísítíńkíṣọ̀n kankan. Ọ̀rọ̀ sítíkà yẹn ni mo sọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti wákàtí, torí mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ ra ìwé kékeré, kẹ́ ẹ máa kọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀: ohun tẹ́ ẹ rí, ẹni tẹ́ ẹ sọ fún, ohun tó yí padà. Ẹ má kọ orúkọ aláìsàn sí i o.

Bẹ́ ẹ bá parí, físà Graduate wà, èyí tó ń jẹ́ kí ẹni tó kàwé yege dúró ṣiṣẹ́. Ọdún méjì ni fún ẹni tó bá béèrè kó tó di 1 oṣù Kìn-ín-ní 2027. Láti ọjọ́ náà lọ, oṣù 18 ni fún ẹni tó ṣe másítà. Ẹ dúró kí yunifásítì kọ̀wé sí Home Office pé ẹ ti parí, kí ẹ sì béèrè kí físà akẹ́kọ̀ọ́ tó tán. Ẹ má rìnrìn àjò lọ sílé láàárín ìgbà náà, torí inú Ìlú Ọba nìkan ni wọ́n ti ń béèrè fún un.