Ó ń yí, àmọ́ kò ṣájì: ìrírí mi pẹ̀lú afẹ́fẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n

Mo fẹ́ máa fi afẹ́fẹ́ ṣájì bátìrì, ni mo bá ra alternator, ẹ̀rọ tó ń mú iná jáde nínú mọ́tò. Owó rẹ̀ ṣì ń dùn mí. 38,000 náírà ni mo kà sílẹ̀ fún un ní Adó, tòkunbọ̀ ni, ẹni tó tà á fún mi sì fọwọ́ sọ̀yà pé ohunkóhun tó bá ti lè yí i, iná á jáde lára rẹ̀. Oṣù méjì gbáko ni mo fi bá a fà á. Kì í ṣe pé ó bàjẹ́ o. Kò bàjẹ́ rárá, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn: nǹkan tó dára ni wọ́n tà fún mi, àmọ́ kì í ṣe ohun tí iṣẹ́ mi ń fẹ́, kò sì sẹ́ni tó lanu sọ ọ́.

Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń gbowó ṣájì fóònù ni mo ní ní Ẹ̀fọ̀n Aláayè. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023, tí lítà kan kúrò ní nǹkan bíi 190 náírà tó sì fò dé 500, owó tí mo ń gbà kò ra epo mọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ Ẹ̀fọ̀n mọ bí òkè ṣe yí wa ká. Oko bàbá mi wà lórí ọ̀kan nínú wọn. Bí ọyẹ́ bá mú, afẹ́fẹ́ ibẹ̀ á máa já aṣọ kúrò lórí okùn. Mo ní bátìrì mọ́tò méjì, irú èyí tí wọ́n ń pè ní 75. Èrò mi ni pé kí ọ̀kan máa gba iná lókè, kí èkejì máa ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mi ò ní pẹ́ lórí apá tí afẹ́fẹ́ ń yí àti òpó tó gbé e dúró. Páìpù omi oníǹṣì mẹ́fà ni mo là, mo gé apá mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó ọgọ́ta sẹ̀ǹtímítà. Wẹ́dà bá mi jó ìrù àti ìdúró rẹ̀. Ẹni tó bá ti ri òpó tẹlifíṣọ̀n mọ́lẹ̀ rí mọ bí wọ́n ṣe ń fi wáyà dè é nígun mẹ́rin.

Ọjọ́ tá a gbé e dúró, àwọn ọmọ àdúgbò tẹ̀ lé wa gun òkè. Ó yí! Wọ́n hó yèè, inú èmi náà dùn débi pé mo pe màmá mi lórí fóònù. Mo so bátìrì mọ́ ọn, mítà ka fóòtì 12.6. Mo sọ fún ara mi pé tó bá fi máa di àárọ̀, á ti kún.

Láàárọ̀, ó ka 12.1. Afẹ́fẹ́ fẹ́ mọ́jú, apá yí mọ́jú, bátìrì mi wá ń gbẹ!

Bọ̀dá rewáyà tó ń tún iná mọ́tò ṣe ní bọ́ọ̀ṣì alternator, èédú kékeré tó ń gbé iná wọ inú rẹ̀, ló ti jẹ tán. A pààrọ̀ rẹ̀. Kò yàtọ̀. Ó ní regulator tó ń díwọ̀n iná rẹ̀ ni, mo ra òmíràn. Kò yàtọ̀. Mo fi pulì ńlá àti bẹ́líìtì sí i kó lè sáré sí i, ni apá bá kọ̀ kò yí mọ́ rárá, torí ẹrù ti wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Gbogbo ìgbà yìí ni mo ń rù bátìrì gun òkè, tí mo ń rù ú sọ̀ kalẹ̀. Ìyàwó mi sọ pé kí n fi í sílẹ̀. Mo kọ̀.

Fóònù ló là mí lójú. Mo lẹ téèpù funfun mọ́ apá kan, mo ya fídíò rẹ̀, mo wá ń wò ó díẹ̀díẹ̀, mo ń kà. Kò ju bí 300 lọ tó ń yí láàárín ìṣẹ́jú kan. Mo lọ bá mẹkáníìkì kan. Ó ní ẹ́ńjìnì mọ́tò tó bá dúró lójú kan lásán ń yí tó 800, pulì rẹ̀ sì ń mú kí alternator sáré ju ìlọ́po méjì ìyẹn lọ. Bí kò bá ti kọjá bí ẹgbẹ̀rún kan, kò lè ṣájì. Èyí tó wá dùn mí jù ni pé alternator kò ní òòfà tirẹ̀. Iná bátìrì ló ń fi sọ ara rẹ̀ di òòfà. Gbogbo òru tó fi ń yí lásán, ṣe ló ń mu lára bátìrì mi.

Fáànù àjà àtijọ́ tí mo fi rọ́pò alternator ló gbà mí. Fáànù kì í sáré, kóìlì inú rẹ̀ sì pọ̀. Mo ní kí wọ́n fá inú ìdérí rẹ̀ tó ń yí, mo fi gọ́ọ̀mù oníméjì lẹ òòfà kéékèèké alágbára mọ́ ọn yíká, àríwá kan, gúúsù kan. Mo kọ́kọ́ lẹ̀ wọ́n lóòró, ó wá ń dì mú gírígírí tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kò lè ṣí i. Mo tú wọn, mo lẹ̀ wọ́n ní dídagun díẹ̀, ó yí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Dáyóòdù mẹ́rin ló ń sọ iná náà di ti bátìrì, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná bátìrì padà sẹ́yìn.

Ká ní mo mọ̀ ni, mítà ni ǹ bá kọ́kọ́ rà. Kẹ́ ẹ tó sanwó ohunkóhun, ẹ fọwọ́ yí i, kẹ́ ẹ wo iye tó máa kà. Fáànù mi, ọwọ́ lásán ti mú iná jáde lára rẹ̀. Alternator, ẹ yí i títí ilẹ̀ á fi ṣú, òfo ni. Ẹ gbé òpó ga ju igi lọ pẹ̀lú. Tèmi kọ́kọ́ kúrú ju igi obì tó wà nítòsí lọ, ó sì jẹ mí níyà, torí bí afẹ́fẹ́ bá yára ní ìlọ́po méjì, agbára inú rẹ̀ á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ń ṣú bọ̀, mo máa ń so wáyà méjì tó jáde lára fáànù pọ̀ kó tó dé ibi dáyóòdù, apá á sì falẹ̀ tí yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró.

Lásìkò ọyẹ́, iná tó ń wọlé kò ju 0.8 ampere lọ. Bó bá fẹ́ tọ̀sán tòru, ó tó fóònù bíi mẹ́jọ lójúmọ́. Jẹnẹrétọ̀ ṣì ń ran án lọ́wọ́, àmọ́ kò sí kọ́bọ̀ epo nínú mẹ́jọ yẹn, ọwọ́ mi ni mo fi ṣe é.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bọ̀dá rewáyà gun òkè wá wò ó. Ó dúró síbẹ̀ pẹ́, ó wá béèrè ibi tí mo ti rí òòfà rà. Mo júwe fún un. Mo ní kó bá mi wá ẹni tó máa ra alternator.