Irin pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì: èwo ló jáde?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní kí a kọ ètò ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù Fe²⁺, ìyẹn irin tó ti pàdánù ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì. Mo mọ̀ pé 26 ni irin ní, mo sì ti há àwòrán ọlọ́fà tó ń sọ yàrá tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń kọ́kọ́ kún sórí: 4s ṣáájú 3d. Mo yọ méjì tó wọlé kẹ́yìn, mo kọ [Ar] 4s² 3d⁴ ([Ar] dúró fún 18 ti argon). Wọ́n fa igi pupa lé e lórí. Níbo ni mo ti ṣìnà?

Ìdáhùn: Iye rẹ pé, 24 ni. Ibi tí o ti yọ wọ́n ni kò dára. Ọfà yẹn ń sọ bí a ṣe ń kún un, kò sọ bí a ṣe ń tú u.

Ọ́bítàlì ni yàrá tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń gbé. Ro nọ́ńbà ìpele (4 nínú 4s) pọ̀ mọ́ nọ́ńbà irú ọ́bítàlì (s jẹ́ 0, p jẹ́ 1, d jẹ́ 2). 4s: 4+0=4. 3d: 3+2=5. Èyí tó kéré ló ń ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí potassium (ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù 19) àti calcium (20) fi kó èyí tó kẹ́yìn nínú tiwọn sí 4s, tí 3d sì ṣófo. Bí iye méjì bá dọ́gba, bíi 3p àti 4s, ìpele tó kéré ló ń kọ́kọ́ kún.

Láti scandium (21) lọ, proton ń pọ̀ sí i, ó ń fa 3d mọ́ra ju 4s lọ. 4s wá di ará ìta, òun ló sì ń kọ́kọ́ jáde. Nínú danfo, ẹni tó wọlé kẹ́yìn ló ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà; níbí, ẹni tó kọ́kọ́ wọlé ni. Kọ ọ́ ní [Ar] 3d⁶ 4s², kí o yọ láti apá ọ̀tún: Fe²⁺ di [Ar] 3d⁶, Fe³⁺ di [Ar] 3d⁵.

Ìbéèrè: Chromium ńkọ́? Mo kọ 3d⁴ 4s², wọ́n ní 3d⁵ 4s¹ ni.

Ìdáhùn: Òótọ́ ni wọ́n sọ. 4s àti 3d sún mọ́ra gan-an níbẹ̀. Tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan bá ní yàrá tirẹ̀ nínú ọ́bítàlì d márùn-ún, tí gbogbo wọn sì ń yí sí ọ̀nà kan náà, ara á tù wọ́n ju kí méjì há mọ́ra ní 4s. Bàbà (29) náà gba 3d¹⁰ 4s¹. Ṣùgbọ́n má sọ ọ́ di òfin: molybdenum (42) tẹ̀lé chromium, 4d⁵ 5s¹, tungsten (74) tó wà lábẹ́ rẹ̀ nínú tábìlì àwọn ẹ́límẹ́ǹtì sì kọ̀, 5d⁴ 6s² ni tirẹ̀.