Bí a ṣe ń dá ìjọba tiwa sílẹ̀ nínú Mount & Blade: Warband, kí odi àkọ́kọ́ má bàa bọ́ lọ́wọ́ wa

Ọdún 2010 ni géèmù kọ̀ǹpútà Warband jáde. Ilé-iṣẹ́ TaleWorlds ti ilẹ̀ Tọ́kì ló ṣe é láti fi fẹ Mount & Blade ti 2008 lójú. Lórí pápá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ ń jà: ẹ wà lórí ẹṣin, idà wà lọ́wọ́, àwọn ọmọ ogun ń tẹ̀ lé yín. Tí ogun bá tán, àwòrán ilẹ̀ Calradia á tún ṣí, ọba mẹ́fà ni wọ́n sì ń du ilẹ̀ náà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Àwọn ọmọ Kétu, ìlú wa ní ilẹ̀ Benin, tí wọ́n mọ ìjà pápá pọ̀ jọjọ. Àwọn tí odi tí wọ́n gbà ṣì wà lọ́wọ́ wọn lẹ́yìn oṣù kan nínú géèmù kò tó nǹkan.

Ẹ má ra kọ̀ǹpútà tuntun nítorí rẹ̀. Èyí tí ẹ fi ń tẹ ìwé á gbé e. Bí ó bá ń falẹ̀, ẹ ṣí ibi ètò kí ẹ tó wọlé, ẹ yan DirectX 7 dípò 9, kí ẹ sì dín iye èèyàn tó lè jà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà kù. Máòsì ṣe pàtàkì ju gbogbo ìyẹn lọ. Ẹni tó bá ń fi ìka ra ojú kọ̀ǹpútà alágbèéká kò lè darí idà, olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń tà lọ́jà sì ti tó. Ẹni tó bá jẹ́ pé Faransé ló fi kàwé lè yan Faransé, ó wà níbẹ̀. Níbẹ̀rẹ̀, ẹ yan ọ̀nà tó máa jẹ́ kí ẹ lè jáde láìpamọ́, kí ẹ sì máa pa eré mọ́ kí ẹ tó dó ti odi kankan, torí iná kì í dágbére kó tó lọ. Ààyè ọ̀tọ̀ ni kí ẹ pa á mọ́ sí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ má tẹ tuntun mọ́ ti àná lórí.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò le. Ẹ gba àwọn ọ̀dọ́ abúlé, ẹ lé àwọn olè igbó, ẹ wọ ìdíje nínú ìlú, kí ẹ sì ta owó lé ara yín lórí. Òkìkí yín á máa ga, òkìkí ló sì ń jẹ́ kí iye ọmọ ogun tí ẹ lè kó dání pọ̀ sí i. Ẹ kọ́ bọ́tìnì F1 tí a fi ń pàṣẹ fún ọmọ ogun dáadáa: F1 lẹ́ẹ̀mejì ni kí wọ́n dúró, F1 pẹ̀lú F3 ni kí wọ́n rọ́ lù wọ́n.

Owó tí ẹ bá rí, ẹ má fi ra ẹ̀wù irin. Ilé aláró ni kí ẹ kọ́. Ẹgbàárùn-ún dẹ́nárì (10,000) ni, kò sí òwò mìíràn tó ń pa owó tó o. Ṣùgbọ́n ẹ má kọ́ ọ sí ìlú ọba tí ẹ ń gbèrò láti bá jà, nítorí ọjọ́ tí ogun bá bẹ́, owó ilé aláró yẹn dúró nìyẹn.

Swadia, Nord, Rhodok àti Khergit wà lára ìjọba mẹ́fà Calradia. Ní ti ọmọ ogun, ẹlẹ́ṣin Swadia ló dára jù lórí pápá, àwọn Huscarl (akọni ẹlẹ́sẹ̀) ilẹ̀ Nord ló dára jù láti gun àkàsọ̀, àwọn Rhodok sì ni kí ẹ fi ṣọ́ odi. Àwọn tó bá fẹ́ràn tafàtafà orí ẹṣin ti Khergit, ẹ kú ọkàn akin; ẹṣin kì í gun àkàsọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé odi Khergit ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà: àwọn ẹlẹ́ṣin wọn kò mọ ìjà orí ògiri.

Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣubú ni èyí o. Ẹnikẹ́ni lè gba odi. Ẹ̀ẹ̀kan náà tí ẹ bá gbà á láìsí lábẹ́ ọba kankan, ẹ ti di ọba nìyẹn, ọba tó ni odi náà tẹ́lẹ̀ sì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo ìjòyè rẹ̀. Bí ẹ̀tọ́ àtijọba yín (ohun tí géèmù ń pè ní “right to rule”) bá kéré, àwọn ọba yòókù kò ní kà yín sí, ìjòyè kankan kò sì ní wá sọ́dọ̀ yín. Mo ti rí ọmọ tó gba odi ní àárọ̀, tó fi ogún èèyàn sílẹ̀ nínú rẹ̀, tó lọ jẹun. Ìgbà tó padà sídìí ẹ̀rọ, tó sáré díẹ̀ lórí ilẹ̀ Calradia, àsíá ẹlòmíràn ló ń fẹ́ lórí ògiri.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ògiri rárá, ẹ kọ́kọ́ rán àwọn ẹmẹ̀wà yín (“companions”, àwọn akọni tó ń bá yín rìn) jáde kí wọ́n lọ polongo yín káàkiri, kí ẹ̀tọ́ àtijọba yín lè ga. Èèyàn mẹ́rìndínlógún ló wà tí ẹ lè kó jọ, ẹ sì lè rán ẹnì kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kan. Ó máa ń pẹ́ kí wọ́n tó dé, ọ̀pọ̀ kì í ní sùúrù yẹn. Ẹ ní in. Jeremus nìkan ni kí ẹ rán kẹ́yìn, nítorí òun ló ń wo àwọn tó fara pa sàn.

Ẹ dúró di ìgbà tí ọba Khergit bá ń bá ọba méjì jà. Ẹ sún mọ́ odi tó wù yín, ẹ gbé máòsì lé e kí ẹ lè rí iye ẹ̀ṣọ́ tó wà nínú rẹ̀. Ẹ yan èyí tí wọ́n fi àkàsọ̀ gùn. Èyí tó ń béèrè ilé gogoro onígi máa ń pẹ́ kọ́, kó tó parí, olùgbèjà á ti dé. Àwọn kan á ní kí a jókòó, kí a fi ebi lé àwọn inú odi jáde. Lóòótọ́, ebi wà lára ohun tó ṣẹ́gun Kétu wa ní 1886 nígbà tí àwọn ará Dàhòmì dó tì í, pẹ̀lú bí yàrà wa ṣe jìn tó àti bí ẹnubodè Akaba Idena ṣe lágbára tó. Ṣùgbọ́n ogun ńlá ni Dàhòmì kó wá. Ẹ̀yin kò ní irú rẹ̀. Ẹ gun ògiri.

Bí ẹ bá ti wọlé, igba ẹ̀ṣọ́ ni kí ẹ fi sílẹ̀, kí Rhodok pọ̀ nínú wọn. Kì í ṣe owó igba ọmọ ogun ló ń náni, nítorí ìdajì owó ọ̀sẹ̀ ni ẹ ń san fún ẹni tó bá wà nínú odi. Ẹ má rìn jìnnà. Kí ogun wọn tó dé, kí ẹ ti wà nínú odi, ẹ̀yin gan-an lórí ògiri, ọrun lọ́wọ́. Tí ẹ bá fọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan, ẹ ránṣẹ́ àlàáfíà lójú ẹsẹ̀, nígbà tí ojú ṣì ń tì wọ́n.

Ìjòyè àkọ́kọ́ tó bá wá sọ́dọ̀ yín, ẹ fún un ní abúlé tó so mọ́ odi náà, kó má bàa kùn. Ẹ má fi ẹmẹ̀wà tí kì í ṣe ọmọ olóyè jẹ ìjòyè nísinsìnyí. Àwọn ọlọ́lá á bínú. Odi kejì, kó jẹ́ èyí tó wà lẹ́bàá ti àkọ́kọ́, tí ẹ lè fi ẹṣin dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Èyí tó bá jìnnà, kódà bí ẹ̀ṣọ́ rẹ̀ kò bá ju ogójì lọ, ẹ fi sílẹ̀ fún Harlaus ọba Swadia, bí ó bá ráyè láàárín àsè méjì.