Bí mo ṣe fi alginate di diclofenac sínú ìlẹ̀kẹ̀

Ìlẹ̀kẹ̀ kéékèèké ni mo fẹ́ ṣe, èyí tí yóò di oògùn mú nínú àpòlúkù, tí yóò wá tú u sílẹ̀ nínú ìfun. Pólímà (móléékù gígùn bí okùn) tí mo lò ni sodium alginate, tí wọ́n ń fà yọ lára ewé inú òkun. Oògùn náà ni diclofenac sodium, oògùn ara ríro.

Mo wọn 2 g alginate fún 100 mL omi distilled. Omi ẹ̀rọ kò dára fún un, torí calcium inú rẹ̀ lè mú un ṣù pọ̀. Mo jẹ́ kí ẹ̀rọ máa ro omi náà, mo sì ń wọ́n ìyẹ̀fun sí i díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá dà á sí i lẹ́ẹ̀kan náà, kókó ni yóò bá: ẹ̀yìn rẹ̀ á rin, inú rẹ̀ á gbẹ, kò sì ní yọ́ bọ̀rọ̀. Ìgbà tó yọ́ tán ni mo po 1 g diclofenac mọ́ ọn. Mo dé e di ọjọ́ kejì kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ lè jáde, torí ìlẹ̀kẹ̀ tó bá ní afẹ́fẹ́ nínú, léfòó ló máa léfòó.

Mo yọ́ 2 g calcium chloride sínú 100 mL omi mìíràn, mo ń rò ó jẹ́jẹ́. Síríǹjì àti abẹ́rẹ́ 21G ni mo fi ń kán alginate sínú rẹ̀, láti nǹkan bíi 5 cm lókè. Bí ẹ̀kán bá ti bọ́ síbẹ̀, calcium á gba ipò sodium, á so okùn pólímà mọ́ra wọn, ìlẹ̀kẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í dì láti ẹ̀yìn wọnú. Bí abẹ́rẹ́ bá sún mọ́ omi jù, ìlẹ̀kẹ̀ á yọ ìrù. Bó bá ga jù, á pẹlẹbẹ. Bí ìrù náà kò bá lọ, alginate ló ki jù: mo dín in kù sí 1.5 g.

Ogún ìṣẹ́jú péré ni mo fi wọ́n sílẹ̀ nínú omi calcium, torí bí wọ́n bá ṣe ń pẹ́ níbẹ̀ ni oògùn ń jò jáde. Ẹ má da omi yẹn nù o! Mo kà á ní 276 nm lórí ẹ̀rọ UV, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ wọn iye oògùn inú omi, kí n lè mọ iye tó ti sọnù. Mo ṣan ìlẹ̀kẹ̀ náà kíá, mo sì gbẹ wọ́n ní 40°C títí ìwọ̀n wọn kò fi yí padà mọ́. Iná líle a máa sán wọn lára.

Àyẹ̀wò: wákàtí 2 nínú 900 mL HCl 0.1 M (ásíìdì tó dúró fún àpòlúkù), ní 37°C, kí n tó kó wọn sínú búfà fósíféètì pH 6.8 (omi tó dúró fún ìfun). Bí mo bá fa 5 mL láti wọn oògùn tó ti jáde, mo fi 5 mL tuntun tó ti gbóná dé 37°C rọ́pò rẹ̀. Nínú búfà, fósíféètì ń já calcium gbà. Ìlẹ̀kẹ̀ á wú, á sì tú ká.

Nínú ásíìdì, oògùn tó jáde kò tó nǹkan. Ẹ má tíì yin pólímà. Diclofenac fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ yọ́ nínú ásíìdì. Mo da ìyẹ̀fun rẹ̀ lásán sínú ásíìdì, òun náà kò yọ́ tó bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo fi theophylline, oògùn mìíràn tó ń yọ́ níbẹ̀, rọ́pò rẹ̀, ó jáde, torí ihò ara alginate tóbi ju móléékù rẹ̀ lọ. Fún irú oògùn bẹ́ẹ̀, mo ń fi chitosan, pólímà mìíràn, bo ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ó ń dín jíjò kù, àmọ́ kò dí i pátápátá.